Àwọn ọmọ lo oògùn aràn, ẹyin hookworm tún yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: kí ló fà á?

Tíṣà Abà Kòkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aràn ìwọ̀ ni ìbéèrè mi dá lé, èyí tí láàbù máa ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ní hookworm. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láàárín oko kòkó lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé, gbogbo ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ló jẹ albendazole mílígíráàmù 400, hóró kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lójú tíṣà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n yẹ ìgbẹ́ wọn wò, ẹyin hookworm sì tún wà nínú ti àwọn kan.

Àwọn òbí kan ní ayédèrú oògùn ni. Àwọn mìíràn ní súwíìtì àti máńgòrò tí wọn kì í fọ̀ ló ń fa aràn, pé kí ilé ẹ̀kọ́ lé àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì kúrò. Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ bóyá oògùn ni kò ṣiṣẹ́ tàbí àwọn ọmọ tún kó o ni? Ọ̀nà wo gan-an ló ń gbà wọ ara? Sálúbàtà tí wọ́n ń wọ̀ wá sílé ẹ̀kọ́, ṣé ó tó? Ọmọbìnrin kan sì wà nínú wọn tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tó máa ń ha amọ̀ ara ògiri jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là á yé wa yékéyéké, torí ìpàdé àwọn òbí ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ará Láàbù

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọjọ́ ló máa dá ẹjọ́ oògùn àti àkóràn tuntun. Ẹ jẹ́ ká bá aràn náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i.

Abo aràn tó wà nínú ìfun ló ń yé ẹyin, ẹyin á sì bá ìgbẹ́ jáde. Irú tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Necator americanus. Abo kan nínú wọn lè yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lójúmọ́. Irú kejì, Ancylostoma duodenale, máa ń yé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé e mì pàápàá, kò ní torí rẹ̀ ní hookworm. Àfi kó bọ́ sílẹ̀, kó rí ọ̀rinrin, òjìji àti ooru. Abẹ́ igi kòkó tí ewé gbígbẹ bò ti bá a lára mu jù. Láàárín ọjọ́ 1 sí 2, ẹyin á pa, ọmọ aràn á jáde, á máa jẹ bakitéríà inú ìgbẹ́ àti inú erùpẹ̀. Á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 5 sí 10, ó ti di èyí tó lè wọ ara èèyàn. Kì í jẹun mọ́ lákòókò yìí; ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sára ló ń ná, bí ilẹ̀ bá sì tutù dáadáa, ó lè fi ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 wà láàyè. Kò gùn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, ó sì tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i nínú erùpẹ̀.

Á gun orí ewé tàbí ṣóńṣó koríko tí ìrì sẹ̀ sí, á na orí sókè, á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Ooru ara èèyàn àti ohun tó wà lójú awọ ló ń fà á. Bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, á wá ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́, pàápàá àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí ojú ihò irun, á bọ́ èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì gbẹ́ wọlé. Kò dìgbà tí egbò bá wà níbẹ̀. Ibi tó gbà wọlé lè sú wẹ́wẹ́ kó sì máa yún fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń rò pé eèrà tàbí koríko ló bá àwọn jà.

Láti abẹ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ á gbé e gba inú ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Á já sínú àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀, á máa gun ọ̀nà èémí bọ̀ lókè títí dé ọ̀fun, ẹni náà á sì gbé e mì pẹ̀lú itọ́ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń húkọ́ gbígbẹ lásìkò yẹn. Bó ṣe dé apá òkè ìfun kékeré nìyẹn o, níbi tó ti máa dàgbà, tí akọ àti abo á ti pàdé. Láti ọjọ́ tó gba ẹsẹ̀ wọlé títí di ọjọ́ tí ẹyin àkọ́kọ́ máa hàn nínú ìgbẹ́, ọ̀sẹ̀ 5 sí 9 ni.

Ẹ mú ọ̀sẹ̀ 5 yẹn dání. Bí wọ́n bá yẹ ìgbẹ́ ọmọ wò ní ọjọ́ 14 sí 21 lẹ́yìn tó jẹ oògùn, tí ẹyin ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó kó lẹ́yìn oògùn, torí ìyẹn kò tíì dàgbà débi tó máa yé ẹyin. Nínú ohun méjì, ọ̀kan ni: oògùn kò pa gbogbo wọn, tàbí kó jẹ́ pé àwọn kan ṣì wà lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́, tí wọ́n wá dé ìfun lẹ́yìn náà. Èyí tó ti fẹnu mọ́ ìfun ni albendazole ẹ̀ẹ̀kan ń pa. Kò ṣeé gbára lé fún èyí tó ṣì ń rìn kiri inú ara. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá mọ́ ní ọ̀sẹ̀ 3, tí ẹyin wá yọ ní oṣù 3, ó ṣeé ṣe jù pé wọ́n tún kó o ni. Oṣù mẹ́ta tí ẹ dúró kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò ti pẹ́ jù láti fi dá oògùn lẹ́bi.

Kí àwọn òbí sì mọ̀ pé oògùn gidi pàápàá kì í kó gbogbo rẹ̀ tán. Albendazole 400 ẹ̀ẹ̀kan ń wẹ hookworm mọ́ lára nǹkan bí èèyàn 7 sí 8 nínú 10. Ti mebendazole 500 ẹ̀ẹ̀kan kéré gan-an, kò ju bí 2 sí 3 nínú 10 lọ, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún aràn gígùn tó jọ ekòló. Ẹni tó bá rà á fún ilé ẹ̀kọ́, kó ka orúkọ tó wà lára páálí dáadáa. Orúkọ méjèèjì jọra, iṣẹ́ wọn lórí aràn yìí kò jọra.

Ṣúgà kò bí aràn. Máńgòrò tí wọn kò fọ̀ lè kó ẹyin aràn gígùn yẹn wọ ẹnu, nítorí náà kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà Necator. Ẹsẹ̀ àti awọ nìkan ni Necator ń gbà. Ancylostoma duodenale ló lè gba ẹnu pẹ̀lú, bí ọmọ aràn tó ti gbó bá wà lára ẹ̀fọ́ tútù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn sòbìà, ẹ fi wé e: sòbìà gba ẹnu wọlé nínú omi, ó gba ẹsẹ̀ jáde; hookworm gba ẹsẹ̀ wọlé, ẹyin rẹ̀ sì gba ìdí jáde. Omi sísẹ́ ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ láti lé sòbìà lọ, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde lọ́dún 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí èèyàn sẹ́ omi látàárọ̀ dalẹ́, hookworm ò mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Bí ayé ṣe mọ ọ̀nà ẹsẹ̀ yìí gan-an yẹ kí ẹ sọ fún àwọn òbí. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Arthur Looss, ń fi ọmọ aràn yìí ṣèwádìí ní Cairo. Omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ dà sí i lọ́wọ́, ibẹ̀ ta á, ó pọ́n. Nígbà tó yá, ẹyin aràn náà yọ nínú ìgbẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹnu làwọn onímọ̀ rò pé ó ń gbà wọlé.

Wolé-wolé

Ará Láàbù ti sọ ti inú ara. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni oògùn kò dé.

Tíṣà, kí ẹ tó wo bàtà, ẹ lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, ẹ tọ ipa ọ̀nà tó wọ inú kòkó. Bí ẹ bá rí ibi tí koríko ti tẹ́, tí ewé ti ṣẹ́, tí òórùn wà, ẹ ti dé orísun. Ọmọ aràn yìí kì í rìn jìnnà lórí ilẹ̀. Ó ṣòro kó kọjá ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ síbi tí ìgbẹ́ ti bọ́. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n rìn: bí oòrùn bá mú, á wọlẹ̀, bí ìrì bá sẹ̀ tàbí òjò bá rọ̀, á gòkè. Kí ló wá jẹ́ kó rí èèyàn kó? Àwa fúnra wa là ń padà síbì kan náà. Ìgbẹ́ Mọ́ńdè yìí, ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lè wọ ara. Ọmọ tó bá lọ lósòó síbẹ̀ lówùúrọ̀ kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé, ohun tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ń tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń fi ọkọ́ wa erùpẹ̀ díẹ̀ bo ìgbẹ́, wọ́n á ní àwọn ti tọ́jú rẹ̀. Ó dáa fún eṣinṣin àti òórùn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá jẹ́ oníyanrìn tó rọ̀, ọmọ aràn á là á kọjá wá sókè. Erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tilẹ̀ ń ṣíji bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn ni, oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ sì ni ọ̀tá rẹ̀ gidi. Àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́, tí oòrùn ń pa tààrà, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbé fún un. Abẹ́ kòkó, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀yìn balùwẹ̀ tí omi ń dà sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́.

Ṣáláńgá ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Kì í ṣe pé kó wà nìkan. Kó jìn tó mítà 2 ó kéré tán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju ojú omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà 1.5, kó jìnnà sí kànga ní mítà 30. Kí wọ́n fi kọnkéré bo ojú rẹ̀, kó dán, kó dagun díẹ̀ sọ́dọ̀ ihò kí omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lè ṣàn wọlé. Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ìwọ̀n ihò. Bí wọ́n bá gbẹ́ ihò àgbàlagbà sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù á máa ba àwọn ọmọ kéékèèké pé àwọn á já sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ihò ni wọ́n á ṣe é sí, tàbí kí wọ́n sá lọ sẹ́yìn ilé. Ihò tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ló yẹ wọ́n. Bí inú ibẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ kà á mọ́ ṣáláńgá. Kí wọ́n máa fi omi àti ìgbálẹ̀ líle fọ ojú kọnkéré lójoojúmọ́, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ bàtà rọ́bà.

Nílé àwọn òbí, ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ ni kí ẹ bi wọ́n léèrè. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé kò sí nǹkan kan nínú ìgbẹ́ ọmọ, àtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń da póò sí. Ọmọ tó ti ń rìn káàkiri láìwọ bàtà lè ní hookworm bí ẹlòmíràn. Inú ṣáláńgá ni kí ìgbẹ́ rẹ̀ náà lọ.

Lóko, kí àgbẹ̀ gbẹ́ ṣáláńgá kan sẹ́bàá abà, kó fi igi líle àti erùpẹ̀ dídì ṣe orí rẹ̀, kó sì wá ìdérí fún un. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni fún ọkùnrin méjì níbi tí ilẹ̀ kò bá ti ní àpáta.

Ó wá ku bàtà. Sálúbàtà sàn ju ẹsẹ̀ lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ṣí àárín ọmọ ìka àti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀, ewé tútù sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ní ojú ọ̀nà gbígbẹ, ó tó. Nínú oko kòkó lásìkò òjò, kò tó. Bàtà rọ́bà tó dé ojúgun, tí kò lu, ni kí wọ́n wọ̀. Nǹkan mìíràn tún wà: ọ̀pọ̀ òbí ló ń kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má jẹ́ kí bàtà ilé ẹ̀kọ́ já, ọmọ á bọ́ ọ sọ́wọ́ tí wọ́n bá ń lọ sílé tàbí tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn nípàdé, láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì rántí pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa koríko tútù, àti ìdí tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ láìtẹ́ nǹkan, awọ kan náà ni wọ́n.

Nǹkan kan ṣì wà tó ń dùn mí nínú ètò oògùn àwọn ilé ẹ̀kọ́. Aràn gígùn wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé. Hookworm kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọjọ́ orí ṣe ń ga ló ń pọ̀ sí i, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ oko lè ní in ju ọmọ rẹ̀ lọ. Bí àwọn ọmọ nìkan bá jẹ oògùn, tí bàbá àti ìyá ṣì ń fi ẹyin sínú kòkó lójoojúmọ́, ilẹ̀ náà kò yí padà. Ẹ bá hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà sọ ọ́ kí wọ́n fún àwọn òbí náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò

Tíṣà, ọmọbìnrin yẹn ló jẹ mí lógún jù. Ẹ má dúró dìgbà ìpàdé kí ẹ tó gbé e lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Aràn náà kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Ẹnu Necator ní ohun pẹlẹbẹ tó mú bí abẹ, ti Ancylostoma ní eyín. Ó ń fi gé ara ìfun, á tu ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, á máa fà á. Kò sì dúró sójú kan. Á sún síwájú, ojú ibi tó fi sílẹ̀ á ṣì máa ṣẹ̀jẹ̀. Necator kan ṣoṣo ń múni pàdánù nǹkan bíi mílílítà 0.03 lójúmọ́. Kò jọ nǹkan kan lójú. Ẹ wá fojú inú wo 100: mílílítà 3 lójúmọ́, ó ju ìdajì ṣíbí tíì lọ, mílílítà 90 láàárín oṣù kan. Mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ní nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù irin, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé mílígíráàmù 1.5 ń lọ lójoojúmọ́. Ìfun ń gba díẹ̀ padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo irin tí ara ń rí fà nínú oúnjẹ òòjọ́ kò ju mílígíráàmù 1 sí 2 lọ. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, láìrí ẹran tàbí ẹja tó pọ̀, kò lè san gbèsè yẹn. Ti Ancylostoma le jù: mílílítà 0.15 sí 0.26 fún ẹyọ kan. Ọdún mélòó kan sì ni Necator lè lò nínú ìfun bí ẹnikẹ́ni ò bá lé e.

Amọ̀ tó ń jẹ kì í ṣe ìwà pálapàla, kí wọ́n má nà án. Ẹni tí irin kò tó lára rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ jẹ amọ̀, yìnyín tàbí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Amọ̀ kọ́ ló gbé hookworm sí i lára, bó tilẹ̀ lè kó ẹyin aràn mìíràn wọ ẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń padà, ọkàn rẹ̀ á kúrò níbẹ̀.

Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ohunkóhun tọ́jú rẹ̀. Ibà àti àrùn ẹ̀jẹ̀ SS (sickle cell) náà máa ń sọ àtẹ́lẹwọ́ di funfun, ẹ má ṣe dá hookworm nìkan lẹ́bi. Fún ọmọ ọdún 5 sí 11, bí hemoglobin, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, bá kéré sí 11.5 g/dL nínú èsì àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ kò tó. Bó bá kéré sí 8, ó ti le gan-an. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ láìsáré, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí ojú tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tàbí tí kò lè jẹun, ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Lílé aràn nìkan kò ní dá ẹ̀jẹ̀ padà. Irin ló máa dá a padà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún ọmọ ni mílígíráàmù 3 irin gidi fún kílógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ọmọ kílógíráàmù 20 nílò nǹkan bíi 60. Hóró ferrous sulphate 200 ní irin gidi tó nǹkan bíi 65, ẹ má sì ṣe fi 200 yẹn ṣírò bí ẹni pé irin ni gbogbo rẹ̀. Kí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló kọ iye tó máa lò. Kó má fi tíì tàbí wàrà sìn ín, omi ọsàn dára. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú, kí ìyá rẹ̀ má fòyà. Ọ̀pọ̀ máa ń dáwọ́ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ojú ọmọ bá ti mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kó lò ó, kí èyí tó máa wà ní ìpamọ́ nínú ara lè kún. Kí wọ́n gbé e síbi tí ọwọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ kò ní tó, torí oògùn irin púpọ̀ lè pa ọmọ kékeré.

Nípa albendazole: ọmọ tó ti pé ọdún 2, 400, ọmọ oṣù 12 sí 23, 200. Kí ọmọ kékeré má gbé e mì lódidi. Ẹ lọ̀ ọ́ sínú omi díẹ̀, torí ó lè há a lọ́fun, ẹ má sì fi ipá mú ọmọ tó ń sunkún. Aláboyún tí kò tíì kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ lò ó. Kò sí pé à ń gbààwẹ̀ tàbí à ń lo oògùn ìyàgbẹ́ lé e. Kí wọ́n má sì máa wá aràn nínú ìgbẹ́: hookworm kéré, ó funfun ràndanràndan, wọn ò ní rí i bí wọ́n ṣe máa ń rí aràn gígùn. Àìrí i ló ń mú kí àwọn kan lo oògùn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ kan náà.

Ọmọ Àgbẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ajá ńkọ́? Ajá pọ̀ lábà wa, ìgbẹ́ wọn sì wà káàkiri. Àwọn kan tún ní oògùn inárun, ivermectin, tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ń pa aràn yìí náà, pé kò sídìí láti lo òmíràn.

Ará Láàbù

Ajá ní hookworm tirẹ̀. Bí ọmọ aràn ajá bá wọ awọ èèyàn, ó sábà máa ń ṣìnà sábẹ́ awọ níbẹ̀, kì í dé ìfun. Ẹ ó rí ìlà pupa tó wú, tó ń yún, tó ń rìn wọ́gọwọ̀gọ lára ẹsẹ̀ tàbí ìdí, tí ojú rẹ̀ ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn kì í fa ẹ̀jẹ̀ tán lára. Ọ̀kan wà nínú tajá àti ológbò, Ancylostoma ceylanicum, tó lè dàgbà nínú ìfun èèyàn, ṣùgbọ́n gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti wọ́pọ̀ jù. Fún abà kòkó níbí, ìgbẹ́ èèyàn ni kí ẹ gbájú mọ́.

Ivermectin ń ṣiṣẹ́ fún ìlà abẹ́ awọ yẹn. Fún hookworm inú ìfun, kò ṣeé gbọ́kàn lé rárá. Ẹni tó bá jẹ oògùn inárun nìkan, kó má gbà pé òun ti lo oògùn hookworm.

Tíṣà Abà Kòkó

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ọmọ náà ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A máa yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ wò ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn oògùn tó ń bọ̀. Láàbù tó sún mọ́ wa tó wákàtí méjì lórí ọ̀kadà. Báwo ni ká ṣe gba ìgbẹ́ náà tí kò fi ní bàjẹ́?

Ará Láàbù

Ike mímọ́ tó gbẹ, tó ní ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ sára ike fúnra rẹ̀, má kọ ọ́ sórí ìdérí, torí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn. Kí ọmọ ṣe é sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí bébà mímọ́, kó fi igi pẹlẹbẹ bu èyí tó tó ìwọ̀n àtàǹpàkò. Ìtọ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Kó má ṣe bù ú nílẹ̀, nítorí aràn wẹ́wẹ́ mìíràn ń gbé inú erùpẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á sì rú onímọ̀ láàbù lójú.

Ìgbẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ fi aṣọ tútù yí ike náà ká, kí oòrùn má pa á. Bí ìgbẹ́ bá fi ọjọ́ kan wà nínú ooru, ẹyin á pa, ọmọ aràn á jáde nínú ike. Ẹni tó bá rí ọmọ aràn lè kọ Strongyloides, orúkọ aràn mìíràn, oògùn ìyẹn sì yàtọ̀.

Ní láàbù, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà Kato-Katz ni wọ́n máa lò. Wọ́n á fi ìgbẹ́ mílígíráàmù 41.7 kún ihò kékeré kan lórí gíláàsì, wọ́n á bo ó pẹ̀lú cellophane, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara, tó ti mu glycerol, wọ́n á ka ẹyin, wọ́n á sì fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹyin 50 lórí gíláàsì jẹ́ 1,200 nínú gíráàmù kan, ìyẹn fúyẹ́. 2,000 sí 3,999 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. 4,000 sókè ti wúwo, ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sílé láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù nìyí. Glycerol tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ mọ́ gaara ló tún ń mú kí èèpo ẹyin hookworm, tó fẹ́lẹ́, pòórá. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 60 ni kí wọ́n ka gíláàsì náà. Bí wọ́n bá tò ó jọ láàárọ̀, tí wọ́n wá ń kà á lọ́sàn-án, ẹyin aràn gígùn á ṣì wà níbẹ̀ kedere, ti hookworm á ti lọ, wọ́n á sì kọ fún yín pé kò sí. Bí ẹ bá ti ń gba èsì, ẹ ní kí wọ́n kọ iye ẹyin sí i, kí wọ́n sì kọ aago tí wọ́n ṣe gíláàsì náà àti aago tí wọ́n kà á.